Ọmọ tí a bí sí Amẹ́ríkà: kí gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí?

Láti ìgbà tí Donald Trump ti padà sórí àlééfà ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp àti Facebook àwa Yorùbá, nílé àti lẹ́yìn odi. Wọ́n ní Amẹ́ríkà ti fòpin sí i pé kí ọmọ máa di ọmọ ilẹ̀ wọn nítorí pé ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bí i sí. Àwọn kan ní ilé-ẹjọ́ ti fọwọ́ sí i. Àwọn kan ní ilé-ẹjọ́ ti dà á nù. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń dẹ́rù ba ara wọn pé ìjọba máa gba pásípọ́ọ̀tù padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ti bí síbẹ̀ tipẹ́.

Ohun tó dá ìdàrúdàpọ̀ yìí sílẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ni àwọn èèyàn ń pò pọ̀: ta ni òfin kà sí ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ta ni wọ́n lè fún ní físà, àti ibi tí agbára adájọ́ kan ṣoṣo mọ bí ó bá fẹ́ dá àṣẹ ààrẹ dúró. Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ náà á yé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní torí ìyẹn rọrùn.

Kí ni Trump fọwọ́ sí?

Ọjọ́ 20, oṣù Kìíní, ọdún 2025, ọjọ́ tí wọ́n búra fún un gan-an, ni ó fọwọ́ sí àṣẹ ààrẹ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 14160. Àṣẹ náà ní oríṣi ọmọ méjì wà tí ìjọba kò gbọdọ̀ kà sí ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ bí wọn sí ibẹ̀. Èkíní ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní pépà, tí bàbá rẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà tàbí ẹni tó ní green card. Èkejì ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ wọlé lọ́nà tó tọ́, àmọ́ tó jẹ́ pé ìwé onígbà díẹ̀ ló fi wọlé, yálà físà ìbẹ̀wò, ti akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti iṣẹ́, tí bàbá ọmọ náà kò sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tàbí oní-green card.

Oríṣi kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ìròyìn tó ń dé ọ̀dọ̀ wa fò dá. Ariwo “àwọn tí kò ní pépà” nìkan ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n tọkọtaya tí wọ́n jọ ń kàwé ní yunifásítì kan ní Houston, tí físà wọn pé pérépéré, tí wọ́n sì ń san owó orí, wà nínú ohun tí àṣẹ yìí ń sọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba aṣálẹ̀ Mẹ́síkò wọlé ṣe wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní green card, ọ̀rọ̀ náà kò kan ọmọ wọn mọ́.

Àṣẹ náà kò sì bojú wẹ̀yìn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ọjọ́ 30 sí ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí i, ìyẹn láti ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kejì ọdún 2025, ló ń bá wí. Ẹni tí wọ́n bí sí Maryland lọ́dún 1994, tó wá ń gbé Ìbàdàn lónìí, kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ìtàn pé wọ́n ń bọ̀ wá gba pásípọ́ọ̀tù àwọn àgbàlagbà kò sí nínú ìwé tí Trump fọwọ́ sí.

Níbo ni ẹ̀tọ́ náà ti ṣẹ̀ wá?

Ọ̀rọ̀ ẹrú ló bí i. Ọkùnrin adúláwọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Dred Scott, ẹrú dókítà ológun kan ní Missouri. Ọ̀gá rẹ̀ mú un lọ gbé ní Illinois àti ní agbègbè Wisconsin, níbi tí òfin ti ka oko ẹrú léèwọ̀. Nígbà tó padà dé Missouri, ó gba ilé-ẹjọ́ lọ lọ́dún 1846 pé òun ti di òmìnira. Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, wọ́n sì dá a ní oṣù Kẹta ọdún 1857. Adájọ́ méje dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, méjì sí èkejì. Roger Taney, adájọ́ àgbà, ló kọ ìdájọ́ náà: adúláwọ̀ tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ ẹrú, ì báà wà lóko ẹrú, ì báà ti gbòmìnira, kò lè jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láéláé, kò sì lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nílé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Ibi yòówù kí wọ́n bí i sí.

Ogun abẹ́lé dé, ó sì parí lọ́dún 1865. Oko ẹrú wópalẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn sì bọ́ lóko ẹrú láìmọ orílẹ̀-èdè tí wọn ń jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1866, ilé aṣòfin ṣe òfin kan tó sọ wọ́n di ọmọ ilẹ̀. Ààrẹ Andrew Johnson kọ̀ ọ́, àwọn aṣòfin tún fi ìbò borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé òfin tí ìbò ṣe, ìbò lè tú u. Wọ́n wá gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìwé òfin ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ìjọba tó bá gorí oyè lọ́la kò ti ní tètè tó o. Àtúnṣe Kẹrìnlá nìyẹn, tó di òfin ní oṣù Keje ọdún 1868. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní gbogbo ẹni tí a bí sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí tí a sọ di ọmọ rẹ̀, tó sì wà lábẹ́ àṣẹ ilẹ̀ náà, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ọmọ ìpínlẹ̀ tó ń gbé sì ni pẹ̀lú.

Gbólóhùn wo ni ìjà náà wá dá lé?

“Tó sì wà lábẹ́ àṣẹ ilẹ̀ náà.” Gbogbo ẹjọ́ ọdún 2025, orí gbólóhùn kékeré yìí ló dúró lé.

Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé àwọn ọmọ kan wà tí wọn kò fẹ́ kó kàn. Ọmọ aṣojú orílẹ̀-èdè mìíràn, tí òfin Amẹ́ríkà kò lè mú bàbá rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan. Ọmọ tí àwọn ọmọ-ogun ọ̀tá bá bí sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà jẹ́ òmíràn. Àwọn ẹ̀yà onílẹ̀, tí a ń pè ní Indian nígbà yẹn, náà wà níbẹ̀, nítorí pé wọ́n kà wọ́n sí ìjọba tó dá dúró láàárín Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1884, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ fún John Elk, ọmọ ẹ̀yà onílẹ̀ kan tó ti fi àwọn èèyàn rẹ̀ sílẹ̀ tó sì ń gbé ìlú Omaha, pé kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sì lè dìbò. Ọdún 1924 ni ilé aṣòfin tó fi òfin tirẹ̀ fún gbogbo àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ náà.

Àwọn àlejò ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà jáde nílé aṣòfin lọ́dún 1866 gan-an. Sẹ́nétọ̀ Edgar Cowan láti Pennsylvania ṣàròyé pé òfin yìí máa sọ ọmọ àwọn ará Ṣáínà ní California di ọmọ ilẹ̀. John Conness, sẹ́nétọ̀ California tó jẹ́ pé Ireland ni wọ́n bí òun fúnra rẹ̀ sí, dìde dáhùn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló máa rí, òun sì fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn àríyànjiyàn yẹn ni wọ́n dìbò.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ Conness dé ilé-ẹjọ́. Wọ́n bí Wong Kim Ark sí San Francisco lọ́dún 1873. Ará Ṣáínà tó ń ṣòwò níbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, iṣẹ́ oúnjẹ sísè ni òun ń ṣe jẹun. Lọ́dún 1882, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó dí ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti Ṣáínà, òfin yìí kan náà sì ni kò jẹ́ kí wọ́n lè di ọmọ ilẹ̀. Wong lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ṣáínà, nígbà tó ń padà bọ̀ lọ́dún 1895, àwọn aṣọ́bodè ní kò lè sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ilẹ̀. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n há a mọ́ fún oṣù mélòó kan, ó ń wo ìlú tí wọ́n bí i sí lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn ẹgbẹ́ àwọn ará Ṣáínà ìlú náà ló gba agbẹjọ́rò fún un, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ wa ṣe máa ń dáwó jọ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dé bá.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1898, adájọ́ mẹ́fà sí méjì dá a láre. Horace Gray tó kọ ìdájọ́ náà tọ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lọ: ẹni tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ ọba, ọmọ abẹ́ ọba ni, àfi ọmọ aṣojú ìjọba mìíràn tàbí ti ọ̀tá tó gba ilẹ̀. Melville Fuller, adájọ́ àgbà, kò gbà. Ó ní kò lè jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n bíni sí nìkan ló ń pinnu ẹni tí èèyàn ń sìn. Láti ìgbà náà ni ìdájọ́ Gray ti ń ṣiṣẹ́, ilé aṣòfin sì tún kọ gbólóhùn Àtúnṣe Kẹrìnlá náà sínú òfin ọmọ onílẹ̀ ní 1940 àti 1952.

Kí ni ìjọba Trump ń sọ? Kí ni èsì rẹ̀?

Ìjọba kò sọ pé Wong Kim Ark kò tọ̀nà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé a ti fẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú ìdájọ́ 1898 náà, wọ́n mẹ́nu bà á léraléra pé àwọn òbí Wong ń gbé Amẹ́ríkà gbére, wọ́n ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Agbẹjọ́rò ìjọba, D. John Sauer, wá ń sọ pé ibẹ̀ gan-an ni ààlà wà. Ẹni tó wá fún ìgbà díẹ̀, tàbí tó wọlé láìgba àyè, orílẹ̀-èdè mìíràn ló ṣì ń sìn, nítorí náà ọmọ rẹ̀ kò wà lábẹ́ àṣẹ Amẹ́ríkà ní kíkún. Wọ́n gbé ẹjọ́ Elk sílẹ̀ láti fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí òfin Amẹ́ríkà lè mú ni gbólóhùn náà kà sí ọmọ. Wọ́n tún ní nítorí ọmọ àwọn ẹrú ni wọ́n ṣe kọ Àtúnṣe Kẹrìnlá, kì í ṣe nítorí àlejò, àti pé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí báyìí ń ti àwọn èèyàn láti fò wọ ilẹ̀ náà lọ́nà ẹ̀bùrú.

Àwọn tó ta kò wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Bí ọlọ́pàá bá lè mú ọ, tí ilé-ẹjọ́ lè jù ọ́ sẹ́wọ̀n, tí agbowó orí lè gbowó lọ́wọ́ rẹ, o wà lábẹ́ àṣẹ ilẹ̀ náà. Aṣojú ìjọba mìíràn àti àwọn díẹ̀ bíi tirẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ni gbólóhùn náà ń sọ nípa rẹ̀, kò béèrè pépà òbí. Wọ́n tún ní àwọn aṣòfin ọdún 1940 àti 1952 mọ bí wọ́n ṣe ń lo gbólóhùn náà láyé ìgbà wọn, nítorí náà bí òfin ìpìlẹ̀ kò tilẹ̀ sọ ọ́, òfin ilé aṣòfin ti sọ ọ́, ààrẹ kò sì lè fi àṣẹ yí òfin padà.

Nípa ti pé ẹrú nìkan ni wọ́n ń rò, èsì kan wà tó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Láti ọdún 1808 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti Áfíríkà. Síbẹ̀, wọn ò dáwọ́ dúró, wọ́n ń kó èèyàn wọlé ní ìkọ̀kọ̀. Ọkọ̀ ìkẹyìn tí a mọ̀ ni Clotilda, tó já àwọn ènìyàn bí àádọ́fà sí Mobile ní Alabama lọ́dún 1860. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, tí àwọn Amẹ́ríkà ń pè ní Cudjo Lewis, tí àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bàńtẹ̀ ni, ní ilẹ̀ Benin òde òní. Lẹ́yìn ogun, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra ilẹ̀, wọ́n tẹ Africatown dó. Ó bí ọmọ níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tó sọ ọmọ ni Ìyàjẹmí. Lójú òfin ọdún 1808, kò yẹ kí Kossola wà ní Amẹ́ríkà rárá. Kò sì sí pépà kankan tó bá a wọlé. Àwọn onímọ̀ òfin kan wá ń béèrè pé: bí ọmọ ẹni tí wọ́n mú wọlé lòdì sí òfin kò bá lè jẹ́ ọmọ ilẹ̀, kí ni a fẹ́ sọ nípa ọmọ Kossola àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún bíi tirẹ̀, tó jẹ́ pé tiwọn gan-an ni wọ́n ṣe kọ òfin náà? Ìjọba lè dáhùn pé wọn kò fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá, àti pé wọn kò ní ilé mìíràn mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà le, èmi kò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti yanjú rẹ̀ tẹ́rùn.

Ṣé ilé-ẹjọ́ ti fọwọ́ sí i ni, àbí ó ti dà á nù?

Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Trump fọwọ́ sí àṣẹ náà ni John Coughenour, adájọ́ kan ní Seattle, dá a dúró, ó ní kò sí iyèméjì pé ó tako òfin ìpìlẹ̀. Ronald Reagan ló yan adájọ́ yìí, ìdí nìyí tí kò fi rọrùn láti sọ pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú lásán ni. Ní oṣù Kejì, àwọn adájọ́ ní Maryland, New Hampshire àti Massachusetts náà dá a dúró. Ìpínlẹ̀ méjìlélógún ló pe ẹjọ́, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àti àwọn aboyún.

Ìjọba wá dọ́gbọ́n. Nígbà tí wọ́n dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, wọn kò béèrè bóyá àṣẹ náà bófin mu. Ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá adájọ́ kan ní Seattle lẹ́tọ̀ọ́ láti dá àṣẹ ààrẹ dúró jákèjádò Amẹ́ríkà, fún àwọn tí kò tilẹ̀ sí nínú ẹjọ́. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta dáhùn, nínú ìdájọ́ tí Amy Coney Barrett kọ, pé ó jọ pé adájọ́ kéékèèké kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni ìròyìn tó ní “ilé-ẹjọ́ ti fọwọ́ sí i” ti jáde. Kò fọwọ́ sí i. Kò sọ ohunkóhun nípa ọmọ tàbí nípa Àtúnṣe Kẹrìnlá, ó kàn gé ìyẹ́ apá àwọn adájọ́.

Àmọ́ ó fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀: àwọn èèyàn ṣì lè pe ẹjọ́ lórúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kan náà bá dé bá. Ọjọ́ yẹn kan náà ni àwọn agbẹjọ́rò gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí New Hampshire. Ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, adájọ́ Joseph Laplante, ẹni tí George W. Bush yàn, gbà á, ó sì dá àṣẹ náà dúró fún gbogbo ọmọ tó kàn, níbikíbi ní Amẹ́ríkà. Ní ìparí oṣù náà, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní ìwọ̀ oòrùn ní àṣẹ náà lòdì sí òfin ìpìlẹ̀. Èyí tó wà ní Boston sọ bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Títí ọdún 2025 fi parí, kò sí ọmọ kan tí àṣẹ náà ràn mú.

Ní ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà pé òun yóò gbọ́ ẹjọ́ New Hampshire yìí, tí wọ́n ń pè ní Trump v. Barbara. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó wà níwájú wọn ni ìbéèrè gan-an: ṣé àṣẹ náà bófin mu?

Èéṣe tí wọn kò fi kúkú tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe?

Nítorí pé ọwọ́ wọn kò lè tó o. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ìpínlẹ̀ 38 nínú 50. Nínú òṣèlú Amẹ́ríkà òde òní, kò sí ọ̀rọ̀ tó gbóná tó báyìí tó lè rí irú ìbò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi yàn láti túmọ̀ ohun tó wà nílẹ̀ dípò kí wọ́n kọ tuntun.

Lílọ bímọ sí Amẹ́ríkà ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ físà nìyí, ó sì ti yí padà kí ẹjọ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Amẹ́ríkà ti yí òfin físà ìbẹ̀wò padà pé bíbímọ kí ọmọ lè gba ìwé kì í ṣe ìdí tó tọ́ láti gba físà náà mọ́. Bí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì físà bá ní ìdí láti gbà pé obìnrin máa bímọ níbẹ̀, ó lè gbà pé torí ẹ̀ ló ṣe ń lọ, àfi tí obìnrin náà bá fi ẹ̀rí mìíràn hàn. Bíbímọ níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ pípa nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ẹ̀ṣẹ̀, òun ló sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn títí ayé.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n gé físà ìbẹ̀wò àwọn ọmọ Nàìjíríà sí oṣù mẹ́ta àti wíwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ní oṣù Kejìlá, àṣẹ Trump mìíràn fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dín físà wọn kù, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026; físà ìbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́ wà lára rẹ̀. Àwọn àṣẹ yìí kò kan ọmọ tó ti ní pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà. Ó lè wọlé nígbàkígbà. Ìyá rẹ̀ tó yẹ kó fà á lọ́wọ́ wọlé ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti débẹ̀, ó yẹ kí àwọn òbí mọ ohun tí ìwé náà ṣe àti ohun tí kò ṣe. Kò fún òbí ní ìwé. Ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 21 kó tó lè bẹ̀bẹ̀ fún wọn, òbí tó sì ti gbé Amẹ́ríkà láìní pépà ju ọdún kan lọ lè rí ìdènà ọdún mẹ́wàá tó bá jáde. Amẹ́ríkà ń gba owó orí lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ níbikíbi tó bá ń gbé láyé; Boris Johnson, tó ti jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí, tí wọ́n bí sí New York lọ́dún 1964, rí i nígbà tí wọ́n gbé ìwé owó orí ka iwájú rẹ̀ lórí ilé tó tà ní London, ó sì jọ̀wọ́ ìwé náà lẹ́yìn náà. Ohun tó wá ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù nìyí: ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà tí wọ́n sì gbé padà wá sí Èkó ní ọmọ oṣù méjì, bó bá dàgbà tó fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tó sì bímọ síbí, kò lè fún ọmọ yẹn ní ẹ̀tọ́ náà àyàfi tó bá ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún márùn-ún, méjì níbẹ̀ lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 14.

Ṣé Amẹ́ríkà nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Rárá. Kánádà, Mẹ́síkò, Brazil, Argentina àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń ṣe é. Ní Yúróòpù ni wọ́n ti pa á tì. Gẹ̀ẹ́sì, tí òfin náà ti ṣẹ̀, fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1983. Kemi Badenoch, olórí ẹgbẹ́ Conservative tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ni wọ́n bí sí Wimbledon ní oṣù Kìíní ọdún 1980, ìyẹn ló fi bọ́ sábẹ́ òfin àtijọ́. Ká ní ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n bí i, tí àwọn òbí rẹ̀ kò sì ní ìwé ìgbélùú gbére, ìtàn rẹ̀ ì bá yàtọ̀. Ireland ló ṣe é kẹ́yìn: ìbò tí wọ́n dì lọ́dún 2004 parí rẹ̀, ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún sì fọwọ́ sí i, lẹ́yìn ariwo tó dá lé àwọn aboyún tó ń wá bímọ ní Dublin, tí orúkọ Nàìjíríà kò sì wọ́n nínú rẹ̀.

Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abala 25 nínú ìwé òfin 1999 wá ọmọ Nàìjíríà nínú ẹ̀jẹ̀: òbí tàbí òbí àgbà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ ará Ṣáínà tí wọ́n bí sí Ìkẹjà kò di ọmọ Nàìjíríà nítorí ìyẹn. Ìwé òfin kan náà ni kò ní jẹ́ kí ọmọ wa tí àṣẹ Trump bá kàn wà láìní orílẹ̀-èdè. Ọmọ Nàìjíríà ni níbikíbi tí wọ́n bá bí i sí. Àwọn tí orílẹ̀-èdè wọn kì í fún ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ní ìwé ni ẹ̀rù àìní orílẹ̀-èdè ń bà.

Bí àṣẹ náà bá wá múlẹ̀, kí ni yóò yí padà?

Ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ìbí ni yóò kọ́kọ́ yí padà. Títí di òní, ìwé tí ìpínlẹ̀ fún ọmọ nílé ìwòsàn tó láti fi gba pásípọ́ọ̀tù, kò sẹ́ni tó ń béèrè ti òbí. Lábẹ́ àṣẹ yìí, òbí gbogbo, títí kan àwọn tí wọ́n bí ní Alabama tí wọ́n sì bí bàbá wọn níbẹ̀, yóò máa fi ẹ̀rí hàn nípa ara wọn kí ọmọ wọn tó rí nǹkan gbà. Migration Policy Institute, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí nípa àwọn tó ń ṣí láti ìlú kan sí òmíràn, ṣírò rẹ̀ pé bí ọmọ 255,000 lọ́dún ni wọ́n yóò máa bí láìní ẹ̀tọ́ náà. Iye yìí wá láti inú àwọn méjèèjì, àwọn tí kò ní pépà àti àwọn onífísà.

Bí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ bá sì dá ìjọba lẹ́bi, ọ̀nà tí wọ́n bá gbà dá a ló máa sọ bóyá ọ̀rọ̀ ti parí. Bí wọ́n bá ní Àtúnṣe Kẹrìnlá fúnra rẹ̀ ló dí àṣẹ náà lọ́wọ́, kò sí ààrẹ tàbí ilé aṣòfin tó lè tún gbé e dìde láìtún òfin ìpìlẹ̀ ṣe. Bí wọ́n bá ní òfin ọdún 1952 nìkan ló tako, tí wọ́n fi ti òfin ìpìlẹ̀ sílẹ̀, ilé aṣòfin kan lè jókòó lọ́la, kó tún òfin 1952 yẹn kọ, ẹjọ́ tuntun yóò sì gba New Hampshire tàbí Seattle padà wá, pẹ̀lú gbólóhùn kan náà.